Omi nano tí à ń fi pa ògiri lójú òjò: ohun tí èmi pẹ́ńtà rí n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìdájọ́ mi kíákíá, òun nìyí: omi nano tí wọ́n ń tà pé ká kùn sára ògiri kí òjò má bàa wọ inú ẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Lára ògiri òde tó gbẹ, tí kò lanu, tí òjò ń gbá lójú, ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀dà lásán ò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ògiri tó bá ń fa omi láti inú ilẹ̀ wá, owó lẹ dà sílẹ̀ lásán bí ẹ bá kùn ún. Pẹ́ńtà ni mí. Ìbàdàn níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun nídìí ẹ̀, àwọn oníbàárà kì í sì í yé bi mí nípa ọjà yìí tí òjò bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, torí orúkọ tó wà lára ike pọ̀ lọ jàra, ohun tó wà nínú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Irú ọjà náà gan-an ni mò ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 ni mo máa ń lò jù. Ó máa ń funfun nínú ike, àmọ́ tó bá ti gbẹ lára ògiri, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Kò ní dán, kò ní yí àwọ̀ ògiri padà, kò sì ní rùn bí ọ̀dà olóròóró ṣe ń rùn. Owó ẹ̀ ga. Iye tí mo fi ra kẹ́ẹ̀gì kan nínú wọn ju owó bákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà emulsion lítà 20 lọ, ògiri tí kò dán sì lè mu ún gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí èèyàn mọ ohun tó ń rà kó tó tọwọ́ bàpò.

Ilé Àlhájà kan l'Akóbọ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa. Ilé náà jẹ́ irú èyí tó gbòde báyìí, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ yí òrùlé ká tí páànù ò fi hàn síta. Ó wuyì lójú, àmọ́ òrùlé bẹ́ẹ̀ ò ní etí tó máa yọ síta gba òjò sílẹ̀ fún ògiri. Ẹ lọ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ tàbí Òjé: páànù ì báà ti dípẹtà, etí rẹ̀ á ṣì yọ síta bo ògiri amọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn òyìnbó méjì tó ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ro ti òjò àti oòrùn ibí mọ́ ilé tí wọ́n yà. Ibòji kọ̀ǹkéré àti ògiri oníhò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ni wọn ò ro ìyẹn mọ́. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò sì sábà máa ń ti ìhà ìlà-oòrùn wá lọ́dọ̀ tiwa, á wá máa na ògiri ìhà ibẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Ìlà-oòrùn gan-an ni ògiri ẹ̀yìnkùlé Àlhájà kọjú sí. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọn ò tíì kùn ún lọ́dà. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ọ̀dà inú ilé ti ń wú, ó sì ń ṣí, aṣọ inú wọ́ọ̀dúróòbù ti ń ní àmì dúdú-dúdú. A dúró títí ẹ̀ẹ̀rùn fi mú kí ògiri náà gbẹ dénú. A fi bílíìsì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ti ń yọ̀ lára ẹ̀, a ṣàn án, ó tún gbẹ. Ìgbà yẹn ni ọmọṣẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún láti òkè wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn àpótí mítà iná, mo ní kó fi igun kékeré kan sílẹ̀ láìkùn.

Nígbà tí Àlhájà jáde lọ́jọ́ kejì, ó wo ògiri náà títí.

“Pẹ́ńtà, ibo lo kùn níbẹ̀? Bí mo ṣe mọ ògiri mi náà ló wà o.”

“Àlhájà, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi wá.”

Mo da omi abọ́ kan lu ògiri. Omi ò ríbi dì mú. Ó ká jọ lójú ẹsẹ̀, ó di ẹyọ-ẹyọ róbótó, àwọn kéékèèké ń yí lọ bá àwọn ńlá, gbogbo wọn sì sáré wálẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibẹ̀, ó gbẹ. Mo wá da ìyókù sí igun ẹ̀yìn mítà. Ògiri fà á mu gbẹ̀ẹ́, ojú ibẹ̀ dúdú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí a fi palẹ̀ mọ́. Àlhájà ò sọ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n bu omi míì wá, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ dà á. Lẹ́yìn àkókò òjò tó tẹ̀ lé e, mo wọ yàrá yẹn. Ọ̀dà tí a tún kùn síbẹ̀ ò wú, òórùn ọ̀rinrin sì ti lọ.

Ẹni tó bá ti rí omi òjò lórí ewé kókò rí ò ní yà á lẹ́nu. Ní Yunifásítì Bonn ní Jámánì, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Wilhelm Barthlott fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ojú irú àwọn ewé bẹ́ẹ̀. Lotus, ewéko inú omi kan, ló sọ wọ́n di olókìkí, àmọ́ ewé kókò náà wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Ó rí i pé ojú ewé tí a rò pé ó tẹ́jú yìí ò tẹ́jú rárá. Òkè wẹ́wẹ́ ló kún un, ìda sì bo orí wọn, omi ò wá lè tẹ́ síbẹ̀. Bó ṣe ń yí lọ, á máa gbá eruku dání. Lọ́dún 1997 ni òun àti Christoph Neinhuis gbé ìwádìí tó sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri jáde, nígbà tó sì fi máa di 1999, ọ̀dà ògiri òde tí wọ́n fi ìmọ̀ yẹn ṣe ti wà lórí igbá ní Jámánì.

Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tiwa ò gba ọ̀nà ìda. Tí ẹ bá ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn ike, ohun tí ẹ máa rí ni silane àti siloxane, àwọn èròjà tó ń lé omi, nígbà míì pẹ̀lú nano-silica, ìyẹn ẹ̀rún silica tó kúnná gan-an. Silane kéré débi pé á wọ inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà nínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, á sì so mọ́ ara yanrìn àti sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Apá tó so mọ́ ògiri ò ní tú. Apá tó kọjú síta ni kì í gba omi. Ihò náà ò dí, ọkàn mi sì balẹ̀ sí èyí. Ọ̀dà tó nípọn máa ń bo ògiri ni, tí omi bá wà nínú ògiri, kò ní ríbi jáde, ọ̀dà á sì wú. Omi nano yìí máa ń jẹ́ kí ooru omi jáde láti inú, àmọ́ kì í jẹ́ kí omi òjò wọlé láti ìta. Nítorí náà, ara ohun tó ní ihò nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́: ògiri tí a rẹ́ tí a kò tíì kùn, búlọ́ọ̀kù, bíríkì, kọ̀ǹkéré. Tí ẹ bá fi kun orí ọ̀dà dídán, kò níbi tó máa wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé kejì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù. Ilé àgbà ni, ní ìsàlẹ̀ Òkè-Àdó, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rẹlẹ̀. Bàbá tó ni ín ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ta kẹ́ẹ̀gì tó pọ̀ fún un, wọ́n ti bá a kùn ún yí ilé ká láti ilẹ̀ dé àárín ògiri kó tó pè mí. Nígbà tí mo dé, ìyẹ̀fun funfun ti yọ jáde ní ìsàlẹ̀ ògiri, ibi tí mo sì fi èékánná kàn ń wó lulẹ̀, ojú ibi tí wọ́n rẹ́ ń ṣí bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ.

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ kùn ún báyìí?”

“Ẹni tó tà á fún mi ni, ọmọ mi. Ó ní nano ni, ó ní omi ò tún ní yọjú mọ́ láé.”

Mo lẹ ọ̀rá nylon mọ́ ògiri inú ilé, mo fi sẹ́lótéèpù dí etí ẹ̀ yípo, mo ní kí Bàbá má fọwọ́ kàn án di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo padà dé, omi ti sẹ̀ sínú ọ̀rá náà, ní ojú tó kọ sí ògiri. Ìyẹn ni pé inú ògiri lomi ti ń jáde wá. Inú ilẹ̀ ni ògiri ti ń fà á mu. Wọn ò tẹ́ DPC, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gun ògiri, sábẹ́ búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, gọ́tà iwájú ilé sì ti dí, gbogbo omi àdúgbò ń dúró síbẹ̀. Omi ilẹ̀ máa ń gbé iyọ̀ dání. Ṣáájú kí wọ́n tó kùn ún, omi náà ń jáde sójú ògiri, ó ń gbẹ níbẹ̀, iyọ̀ ń dúró síta, ẹ kàn lè gbá a dànù. Lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún, omi ò lè dé ojú ògiri mọ́. Ẹ̀yìn ibi tí oògùn wọ̀ dé ló ti ń gbẹ, iyọ̀ sì ń dì jọ síbẹ̀, ó ń tì í síta, ó ń ya á. Oògùn tí Bàbá fowó ìfẹ̀yìntì rà ló wá ń bá iyọ̀ wó ògiri ẹ̀. Ohun tí ilé yẹn ń fẹ́ ni kí wọ́n kó gọ́tà, kí wọ́n wa ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sísàlẹ̀, kí bíríkìlà tó mọṣẹ́ sì wá wá nǹkan ṣe sí ti DPC. Kò sí kẹ́ẹ̀gì tó lè ṣe ìyẹn.

Àwọn tó ń tà á ni mo bínú sí. Mo lọ sí ọjà, mo bi ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta ọ̀dà pé, “Ọmọ mi, kí ló wà nínú ẹ̀?” Ó ní nano ni. Mo ní kó fi ìwé ọjà náà hàn mí, kò ní in. Nano kì í ṣe orúkọ ohun kan. Ìwọ̀n ni. Tí ẹ bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà mílíọ̀nù 1, ìdá kan níbẹ̀ ni nánómítà 1, ohun tí wọ́n sì ń kà sí nano ni èyí tó wà láàárín nánómítà 1 sí 100. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ike, kò tíì sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kò sì tíì sọ bóyá ó lè pa èèyàn lára. Ní Jámánì lóṣù March 2006, wọ́n ta ohun ìfínlé kan fún gíláàsì àti tanganran balùwẹ̀, Magic Nano lorúkọ ẹ̀. Nǹkan bíi 100 èèyàn ló fín in tí wọn ò lè mí dáadáa, àwọn kan dé ọsíbítù, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ yẹ ẹ́ wò, wọn ò rí ẹ̀rún nano kankan nínú ẹ̀. Ohun tí ń bo ojú nǹkan kí omi má bàa wọ̀ ọ́, tí wọ́n sọ di ìkùukùu tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ni wọ́n fura sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ jálẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ fín omi yìí, bó ti wù kí iṣẹ́ yá tó. Búrọ́ọ̀ṣì tàbí rólà ni. Ìbọ̀wọ́, ìbòjú, kí wọ́n wọ aṣọ tó bo apá. Tí a bá ń fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́, ìbòmú tó ń dí eruku ni wọ́n ń lò, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n fi di imú. Eruku yanrìn tí wọ́n gé tàbí tí wọ́n lọ̀ wà lára ohun tí àjọ IARC, tí í ṣe ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti sọ ní pàtó pé ó ń fa jẹjẹrẹ tí èèyàn bá ń fà á símú. Ẹ̀rún titanium dioxide, èròjà tó ń mú ọ̀dà funfun, náà wà nínú èyí tí wọ́n sọ pé ó ṣeé ṣe kó fà á, tó bá jẹ́ eruku ẹ̀ lèèyàn ń fà símú. Tó bá ti gbẹ nínú ọ̀dà lára ògiri, ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó ń ha ògiri lójoojúmọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù fún, àwọn ọmọ tí ìyá wọn fà lé wa lọ́wọ́ sì ni wọ́n.

Titanium dioxide yìí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ní ó ń fọ ara ẹ̀. Wọ́n ti gbé e wá bá mi pé kí n máa bá wọn polówó ẹ̀. Ọ̀dà funfun tí gbogbo wa ń lò ní titanium dioxide nínú, òun ló ń mú un funfun, àmọ́ ẹ̀rún rẹ̀ máa ń tó nánómítà 200 sí 300. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná tó nánómítà 10 sí 30, tí wọ́n sì yan irú tó yẹ, oòrùn á mú un máa jó ìdọ̀tí tó bá bà lé e, òjò á sì ṣàn án lọ. Akira Fujishima ará Japan àti ọ̀gá ẹ̀, Kenichi Honda, ni wọ́n gbé ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lára titanium dioxide jáde lọ́dún 1972. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tí Richard Meier yà ní Róòmù, tí wọ́n parí lọ́dún 2003, irú sìmẹ́ǹtì funfun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, kó lè máa funfun nìṣó nínú èéfín mọ́tò.

Ìmọ̀ gidi ni. Oòrùn tó nílò sì pọ̀ n'Ìbàdàn. Àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri ilé yín lẹ́yìn òjò. Ìdọ̀tí tiwa, amọ̀ pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí òjò ta láti ilẹ̀. Ohun tó bá ti ara ewéko, èéfín tàbí ọ̀rá wá ni titanium dioxide lè jó. Kò lè jó ilẹ̀ pupa, torí òkúta àti irin tó ti jẹrà ni. Fún ògiri òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú títì Dùgbẹ̀ tàbí Mọ́kọ́lá, ibi tí èéfín pọ̀ sí, mo lè fara mọ́ ọn tí ẹni tó ni ilé bá lówó. Fún ìsàlẹ̀ ilé tí àgbàlá ẹ̀ jẹ́ yẹ̀pẹ̀, mi ò ní gbà á. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́bàá ògiri, tàbí kí ẹ ṣe pèpéle sìmẹ́ǹtì yí i ká, owó ẹ̀ kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ti kọ̀ǹkéré, bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n jù mí. Wọ́n ń fi silica fume, ẹ̀rún tó kúnná ju sìmẹ́ǹtì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100, sínú kọ̀ǹkéré tó gbọ́dọ̀ le gan-an, ó ń dí ihò inú ẹ̀, ó sì ń dara pọ̀ mọ́ èròjà inú sìmẹ́ǹtì kó lè le sí i. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi páìpù da omi sí kọ̀ǹkéré kó lè rọ̀ fún wọn láti tẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ dín omi kù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa rà á, ẹ mú ohun mélòó kan dání. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ tó oṣù kan. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ má kùn ún. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí èkejì lọ sórí rẹ̀ kí èkíní tó gbẹ tán. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, òun fúnra ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí èkejì wọlé. Tí ẹ bá tún fẹ́ kun ọ̀dà lé e, ẹ ka ike dáadáa, torí òmíràn wà tí ọ̀dà olómi kì í dì mọ́ ọn. Ibi tí ògiri bá sì ti sán, ẹ kọ́kọ́ dí i. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi òjò gan-an ò yàtọ̀. Silane ò lè dí ibi tó sán, inú ihò tí ojú ò rí ló ń wọ̀. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ da omi díẹ̀ sára ògiri yín. Tó bá fà á mu, oògùn náà á rí ibi wọ̀. Tó bá ṣàn dànù, ẹ fi owó yín pamọ́.

Àlhájà ti ní kí n wá ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì ilé náà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì ra kẹ́ẹ̀gì kankan. Etí fèrèsé méjì ti sán níbẹ̀, bíríkìlà ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, èmi á tẹ̀ lé e.